Ìjàpá nínú aṣálẹ̀: kí ni Volkswagen àtijọ́ ń sọ fún àwa tí à ń ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀?

Ní oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, àwọn awakọ̀ a máa péjọ sí Baja California, ilẹ̀ gbọọrọ kan tó yọ sínú òkun ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, láti sá eré ìje tí wọ́n ń pè ní Baja 1000. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Iyanrìn ni, òkúta ni, igi ẹlẹ́gùn-ún ni, eruku sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ yìí pọ̀ níbẹ̀, owó tí wọ́n sì ń ná lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí abúlé. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ olówó ńlá wọ̀nyí, ẹ óò tún rí Volkswagen kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá sọ ní Ìjàpá.

Láti ọdún 2003 ni wọn ò ti ṣe ọkọ̀ yìí mọ́. Síbẹ̀, ó ṣì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú ìdíje náà. Àwọn tó gba ipò kìíní láàárín gbogbo ọkọ̀ lè ti jẹun, kí wọ́n ti sùn, kí wọ́n sì ti jí, kí Ìjàpá tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ó ń dé.

Kí ló kan ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ará Àjàṣẹ́ nínú eré ìje tí wọ́n ń sá ní Mẹ́síkò? Ó kàn wá gan-an. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Òun là ń tà, òun là ń tún ṣe, òun náà ló ń kó iṣu, àgbàdo àti tòmátì wa lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, CEDEAO, ti fẹnu kò pé ọjọ́ orí ọkọ̀ wà lára ohun tí a ó fi máa mọ èyí tó lè wọlé àti èyí tí kò lè wọlé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ìjàpá inú aṣálẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tó yẹ kí a pè. Ṣé ọjọ́ orí ló ń pa ọkọ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn?

Bí Ìjàpá ṣe dé inú aṣálẹ̀

Ilẹ̀ Jámánì ni Ìjàpá ti wá. Ferdinand Porsche ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba Hitler ń wá ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí mẹ̀kúnnù lè rà. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún aráàlú. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní ìlú Puebla, ní Mẹ́síkò, gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ọdún 1975. Àwọn àgbà tó ń gba Sèmè kọjá lọ ná ọjà Èkó láyé ìgbà yẹn mọ ìró rẹ̀ dáadáa. Kó tó yọ ní kọ̀rọ̀ ni etí ti máa ń gbọ́ ọ.

Kò sẹ́ni tó ṣe ọkọ̀ yìí fún eré ìje nínú iyanrìn. Àwọn ará Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, tí ìpínlẹ̀ wọn bá Baja pààlà, ni wọ́n rí i pé ó lè ṣe ju iṣẹ́ ìgboro lọ. Ní ọdún 1962, àwọn ọkùnrin méjì kan, Dave Ekins àti Bill Robertson, gun alùpùpù láti Tijuana lọ sí La Paz, láti orí ilẹ̀ Baja dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn, ilé iṣẹ́ tẹligíráàmù ni wọ́n ti gba òǹtẹ̀ tó fi àkókò hàn, nígbà tí wọ́n gbéra àti nígbà tí wọ́n dé. Ekins lo wákàtí 39 àti ìṣẹ́jú 56.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Bruce Meyers, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáíbà kan ọkọ̀ ojú omi, mú ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ Ìjàpá, ó fi ara fáíbà tó fúyẹ́ bò ó, ó sì sọ ọ́ ní Meyers Manx. Ní ọdún 1967, òun àti Ted Mangels wà á gba ọ̀nà kan náà, wọ́n sì lo wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti yára ju alùpùpù lọ! Ariwo tó bá ìyẹn jáde wà lára ohun tó bí ìdíje gan-an. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ọkọ̀ àti alùpùpù 68 gbéra láti Tijuana. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló dé La Paz. Àwọn tó ṣíwájú gbogbo wọn ni Vic Wilson àti Ted Mangels, nínú Meyers Manx, ní wákàtí 27 àti ìṣẹ́jú 38. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló kọ́kọ́ gba ipò kìíní nínú eré ìje náà.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí kò lówó láti ra ọkọ̀ tuntun ti ń wá Ìjàpá tó ti gbó lọ, àní èyí tó ti forí sọ igi tí olówó rẹ̀ sì fẹ́ jù nù, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń jó o, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sínú aṣálẹ̀. Baja Bug ni orúkọ tí wọ́n sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i lára

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tó ń jórin, apá yìí tiyín ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń bọ́ bọ́ńpà kúrò, wọ́n á gé mọ́gáàdì, wọ́n á sì gé imú àti ìdí ọkọ̀ kúrú. Èyí á jẹ́ kí táyà ńlá ráyè yí. Á tún jẹ́ kí ọkọ̀ lè jáde nínú kòtò láìfi imú gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ọkọ̀ náà ga. Ìjàpá kì í lo sípíríǹgì tó ká bí ejò. Irin tó ń lọ́ tó sì ń yí padà ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá tú irin yìí, tó sì yí i díẹ̀ kó tó dá a padà, ọkọ̀ á ga sí i. Wọ́n á wá jó irin tó lágbára mọ́ ọn láti fi gbé ṣọ́ọ̀kì tó nípọn.

Ní abẹ́, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tó ki bo ẹ́ńjìnnì àti jíà kí òkúta má bàa fọ́ wọn. Sálẹ́ńsà tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá kọjú sókè. Wọ́n máa ń ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì kúrò kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Nínú ọkọ̀, wọ́n á kó àga àtijọ́ dà nù, wọ́n á jó páìpù irin yípo ibi tí awakọ̀ máa jókòó sí, bí ìgbà tí èèyàn bá kan àgò. Bí ọkọ̀ bá ta kìtì, páìpù yìí ni kò ní jẹ́ kí òrùlé tẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pa. Bẹ́líìtì tó so èjìká méjèèjì àti ìbàdí mọ́ àga tẹ̀ lé e. Táǹkì epo tí kì í tètè bẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Class 11, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni yí Ìjàpá padà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jọ èyí tó jáde ní ilé iṣẹ́. Ohun tí wọ́n fàyè gbà jù ni ohun tó máa dáàbò bo èèyàn àti ohun tó máa fún ọkọ̀ lókun. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń kẹ́yìn dé. Àwọn náà sì ni àwọn òǹwòran máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù, torí gbogbo èèyàn ló mọ ọkọ̀ yẹn. Bàbá ẹnì kan ti ní i rí, tàbí kó jẹ́ pé àbúrò ẹnì kan ló fi ń ṣe kabúkabú.

Ìdí tí kò fi tètè kú

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ yìí ni, tí kì í ṣe òmíràn? Ìdí mẹ́rin la rí.

Èkíní, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Kò ní rédíétọ̀, kò sì gbomi. Nínú aṣálẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n, òkúta kan ṣoṣo tó bá gún rédíétọ̀ ọkọ̀ mìíràn lè fòpin sí ìrìn àjò rẹ̀. Ìjàpá kò ní ìṣòro yẹn.

Èkejì, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lórí táyà tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ìwúwo yẹn ló ń tẹ táyà mọ́ iyanrìn kó má bàa máa yí lójú kan.

Ẹ̀kẹta, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń rọ̀ dirodiro tí òkúta lè fà já.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, ni pé ó rọrùn láti tún ṣe. Bóòtì mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ jíà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Torí pé ilé iṣẹ́ náà ṣe irú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, páàtì tó wà lára ti ọdún kan sábà máa ń wọ ti ọdún mìíràn. Bí Ìjàpá bá dákú sí ẹ̀gbẹ́ abúlé kan ní Baja, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní abúlé yẹn ní páàtì rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Nínú àlọ́ wa, agbára kọ́ ni Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo fi ń borí ẹranko tó jù ú lọ. Ọgbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ yìí.

Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí eré ìje Paris-Dakar àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1978, tó gba Àlùjẹ́ríà, Niger àti Mali wọ Senegal, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń jẹ́ Claude àti Bernard Marreau gbé Renault 4 lọ, ìyẹn 4L tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ti yí i padà kó lè máa fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara rẹ̀. Nínú ọkọ̀ gbogbo, ipò kejì ni wọ́n gbà, lẹ́yìn Range Rover. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ipò kẹta. Ọkọ̀ kékeré àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ló gba inú Sàhárà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú láìdákú.

Òfin tó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí tiwa. Ní ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde lórí ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Ó ní láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ará Netherlands yẹ èyí tó ń ti èbúté wọn bọ̀ ní Áfíríkà wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ ti pé ọdún 16 sí 20. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ náà ṣì yẹ lójú pópó nígbà tí wọ́n ń kó o lọ.

Lọ́dún 2020 kan náà ni CEDEAO fẹnu kò lórí èéfín ọkọ̀. Ìpinnu náà ni pé láti oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Euro 4 mu, ìwọ̀n tí ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2005. Ọkọ̀ kékeré tí a bá ń kó wọlé kò sì gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún mẹ́wàá láti fi múra sílẹ̀ fún ti ọjọ́ orí yìí.

Ẹ wo ibi tí ìyẹn bá wa. Ọjà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ Kútọnù ti rí ojú tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 dé oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ti ẹnubodè pa pátápátá. Àwọn tó fi ọkọ̀ tòkúnbọ̀ jẹun mọ ohun tí ìyẹn fojú wọn rí. Bí ọdún márùn-ún bá wá di òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní tòótọ́, ọkọ̀ tó máa wọlé á wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà lọ.

Ojú tí àwa fi wò ó

Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ ló ń pa èèyàn lójú ọ̀nà, kí wọ́n lé gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń sọ pé òyìnbó kàn fẹ́ ta ọkọ̀ tuntun fún wa ni. Àwa ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì láìwádìí.

Ohun tí Ìjàpá aṣálẹ̀ jẹ́rìí sí ni pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ ọkọ̀ di ewu. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ń fò lórí òkúta, ó ń dé ibi tó ń lọ, ẹni tó wà á sì ń sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn. Kí eré ìje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò máa ń wo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Páìpù irin rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bẹ́líìtì rẹ̀ àti táǹkì epo rẹ̀. Bí kò bá péye, kò ní gbéra. Bí eré ìje bá sì parí, àwọn tó ni ín á tú u palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá ti jẹ. Ọkọ̀ yẹn gbó lọ́jọ́ orí, kò gbó lára.

Tiwa ńkọ́? Ọkọ̀ akérò tí táyà rẹ̀ ti pá, tí bíréèkì rẹ̀ ń fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta kó tó mú, tí wọ́n fi okùn so ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ torí ẹrù, kì í ṣe ọjọ́ orí ló ṣe é. Àìtọ́jú ni. Ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú pópó kò lè fi Ìjàpá Mẹ́síkò gbèjà ara rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún tí wọn ò tọ́jú á pa èèyàn bákan náà.

Ní ti èéfín, àwa ò ní tan ara wa. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ń tú èéfín jáde ju ti òde òní lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú aṣálẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ń ṣe ní Kútọnù láàárọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń fa èéfín símú. Òótọ́ ló wà nínú òfin CEDEAO lápá ibẹ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté wa lónìí kì í ṣe Ìjàpá. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí iná kékeré kan bá tàn níwájú awakọ̀, sípánà àti etí tó mọ ìró ẹ́ńjìnnì kò tó mọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Kò sì sí lọ́dọ̀ gbogbo mẹkáníìkì. Nítorí náà, ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa kò mọ̀ ọ́n tún ṣe lè tètè di ilé adìyẹ ju 4L àtijọ́ lọ. Ohun tó mú Ìjàpá wà láàyè ni páàtì tó wà káàkiri àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Méjèèjì ni òfin tó ń ka ọdún nìkan kò wò.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ẹ̀yin tó ń ra ọkọ̀, kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ páàtì ọkọ̀ yìí wà nítòsí, àbí Kútọnù tàbí Èkó la ó ti máa wá a? Ǹjẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà ní ìlú wa? Èló ni a ó máa yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún táyà, ọ́ìlì àti bíréèkì? Ẹni tó fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ọkọ̀ láìṣẹ́ nǹkan kù fún ìtọ́jú, ìdajì ọkọ̀ ló rà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ mọ kábúrétọ̀, kí wọ́n sì mọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ lè wọ́n fún ẹnì kan. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ìlú kan lè dáwó rà á, kí wọ́n máa lò ó ní àjùmọ̀lò.

Ẹ̀yin aláṣẹ, bí ẹ bá máa ka ọdún, ẹ máa ka bíréèkì náà. Àyẹ̀wò ọkọ̀ tí à ń pè ní vísíìtì tẹ́kíníìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ àyẹ̀wò ní tòótọ́, bí èyí tí wọ́n ń ṣe kí Ìjàpá tó wọ aṣálẹ̀. Ọkọ̀ tó bá yege kó máa lọ, èyí tó bá kùnà kó dúró, ì báà jẹ́ ti olówó tàbí ti tálákà. Kí ẹ sì wá bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe máa kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òde òní kí ọjọ́ tó pé.

Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún wa láti múra kò dúró dè wá. Ó ti ń parí lọ. Bí a kò bá lò ó láti kọ́ iṣẹ́ àti láti tọ́jú ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ àtijọ́, a ò ní rówó ra tuntun, èyí tó sì wà nílẹ̀ á ti kú mọ́ wa lọ́wọ́.